Ọ̀pá Olórí Pupa Létí Adágún

Fáladé ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí ní Maiduguri. Mo dárúkọ rẹ̀ ṣáájú nítorí ẹ̀yin ọmọ yìí, bí mo bá ti fẹnu kan ọ̀rọ̀ ẹyẹ, ẹ óò ní Kàká, ìyá àgbà yín, ti tún bẹ̀rẹ̀, ẹ óò sì máa fi Hausa rẹ́rìn-ín láàrin ara yín bí ẹni pé n kò gbọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó máa lọ. Ẹni tó bá máa jókòó kó fa àga súnmọ́ mi, ohùn mi kò ròkè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ gbójú sókè. Oṣù kẹsàn-án ti ń parí lọ, òjò ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kí lẹ rí lórí wáyà iná yẹn? Àpò ọ̀rá kan tí atẹ́gùn gbé kọ́ síbẹ̀, òun nìkan ni. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wo kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án ti dé. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni yóò sọ fún un. Wọn a tò sórí wáyà láti Shehuri títí dé ẹ̀bá ọjà, wọn a fún ara wọn mọ́lẹ̀, débi pé wáyà náà á máa tẹ̀ láàrin. Lẹ́yìn wọn ni ẹyẹ kékeré kan yóò dé, àyà rẹ̀ rí bíi pupa ẹyin adìyẹ, kì í yéé ju ìrù. Àárín ẹsẹ̀ màlúù ló ti ń ṣa kòkòrò jẹ, màlúù kì í sì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn àkọ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ gígùn wọn, tí wọ́n máa ń fò láì lu ìyẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ló ń fi okùn fà wọ́n lójú ọ̀run.

Ilẹ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ń bọ̀. Bí òtútù bá ti fọwọ́ kan ibẹ̀, wọn a gbéra, wọn a ré òkun kọjá, wọn a sì ré aṣálẹ̀ kọjá. Ẹ ronú sí i ná: ẹyẹ tí kò wúwo tó lẹ́tà, tó fi ọ̀sán àti òru fò lórí iyanrìn tí kò ní ẹ̀kán omi kan. Omi ńlá àkọ́kọ́ tí yóò rí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni adágún Chad. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sinmi. Iṣẹ́ mi sì ni kí n dúró létí omi náà kí n kà wọ́n.

Mo kàwé nípa ohun ẹlẹ́mìí kí n tó fẹ́ bàbá àgbà yín. Báńkì gbé e wá sí Maiduguri, mo tẹ̀lé e pẹ̀lú àpótí méjì àti ìwé ẹ̀rí mi. Yunifásítì ṣì jẹ́ ilé tuntun nígbà náà, igi tí wọ́n gbìn sí iwájú kíláàsì kò tíì ga tó ènìyàn. Fáladé ni ọ̀gá nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà mí sí. Ọmọ ìlú wa lọ́hùn-ún ni, kò sì fi ìyẹn pa mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé iṣu wá sílé fún wa, ó ní ìlú yìí kò ní iṣu tó dára, pé kí n má jẹ́ kí ọkọ mi rù. Bọ̀dá Fáladé ni mo ń pè é nílé, ọ̀gá ni mo ń pè é níbi iṣẹ́, òun sì ń pè mí ní àbúrò níbi méjèèjì. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ń jágbe mọ́ni ló ṣẹ̀ mí. Ẹni tó gbé iṣu wá ni.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń parí, a óò gbé jíìpù kúrò ní Maiduguri láàárọ̀ kùtù, a óò kọjá Monday Market kí n lè ra dàbínò àti ẹ̀pà, a óò wá kọrí sí abúlé apẹja kan létí adágún. Bí a bá ti dé, ọ̀gá a mú ọ̀pá irin kan tí a fi ọ̀dà pupa kùn lórí, yóò máa rìn lọ títí omi yóò fi kan ẹnu bàtà rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti fi òòlù gbá ọ̀pá náà wọlẹ̀. Ibi Ìdúró Kìíní là ń pe ibẹ̀ nínú ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá yẹn, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ìgbà tó bá dé àtàrí. Ọ̀gá ló ń lo awò awọ̀nàjíjìn, èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ò ní í béèrè bí ènìyàn ṣe ń ka ẹyẹ tó pọ̀ bí iyanrìn? Ẹ kàn ń wò mí. Ẹ ó ka mẹ́wàá, ẹ ó fi ojú gé mẹ́wàá yẹn bí ẹni gé àkísà aṣọ, ẹ ó wá máa tẹ́ ẹ lórí agbo náà, ibi kan lẹ́yìn ibi kan, títí aṣọ yóò fi bo gbogbo wọn. Kí ẹ sì yára, nítorí bí àṣá kan bá kọjá lókè pẹ́rẹ́, gbogbo pẹ́pẹ́yẹ odò yẹn ni yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ìyẹ́ wọn dà bí òjò ńlá lórí páànù. Mo gbọ́ ọ nínú àyà mi kí n tó gbọ́ ọ létí. Ní báyìí, bí òjò bá rọ̀ sórí páànù ilé yìí ní Gomari, mo máa ń jókòó, mo máa ń dijú. Ẹ̀yin rò pé mo ń sùn.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ, mo ṣe àṣìṣe kan tó sọ mí di ẹni ẹ̀rín ní abúlé náà. Mo rí lékeléke bí ogójì lápá òsì, wọ́n funfun báláú, wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Wákàtí kan kọjá, wọn kò mira. Mo tún wọn kà, wọ́n pé síbẹ̀. Ìgbà tí obìnrin kan wá gbé méjì nínú wọn sínú agbọ̀n tó sì gbé e rù ni mo tó mọ̀ pé òkúta káún ni, tí àwọn obìnrin abúlé kó jọ létí omi kó lè gbẹ. Obìnrin náà rí ojú mi, ó rí ìwé ọwọ́ mi, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀ ó sì jókòó sórí iyanrìn kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

Falmata lorúkọ rẹ̀. Ẹja ló ń yan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bàǹdà, tí wọ́n ń kó wá sí Monday Market láti ibẹ̀. Hausa la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tèmi ṣì ń gé nígbà náà. Málámà, ìyẹn olùkọ́ obìnrin, ló ń pè mí. Lọ́dọọdún tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi mí ni bóyá káún ti fò lọ sí ìlú òyìnbó. Ó bí ọmọ márùn-ún, ọkọ rẹ̀ ń dẹ àwọ̀n, ilé wọn wà níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ omi láti orí ẹní. Mo ti gbé ìlú yìí pẹ́, mo ní àwọn tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ n kò ní ọ̀rẹ́ méjì.

Ọdún kan náà yẹn ló mú mi lọ wo oko ọkà rẹ̀ lẹ́yìn abúlé. Ẹsẹ̀ mi kọ nǹkan kan láàrin ebè. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀pá irin ni, ọ̀dà pupa ṣì ta díẹ̀díẹ̀ sí orí rẹ̀. Falmata ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn nígbà tí ọkọ òun kọ́kọ́ ro ibẹ̀, pé lójú ìdílé àwọn, omi ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bi Fáladé lọ́jọ́ kejì. Ó ní àwọn awọnlẹ̀ ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu. N kò yọ ara mi lẹ́nu.

Ní ọdún kejì, bí a ti dé, mo rí ọ̀pá wa ti èṣí lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Omi ti rìn kúrò nídìí rẹ̀. Ọ̀gá kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára kùkùté, ó lọ títí omi fi kan bàtà rẹ̀, ó gbá ọ̀pá tuntun wọlẹ̀, ó sì ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé: Ibi Ìdúró Kìíní. Mo kọ ọ́. Àmọ́ nígbà tó lọ wẹ ọwọ́, mo fi ẹsẹ̀ mi wọn àárín ọ̀pá méjèèjì. Igba ìṣísẹ̀ ó lé méjìlá. Mo fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ní ọdún kẹta, ìṣísẹ̀ náà lé ní irinwó. Ní ọdún kẹrin, mo rìn títí ó fi rẹ̀ mí, ilẹ̀ náà sì ti là yàwùyàwù, bàtà mi ọ̀tún há sínú ẹ̀là kan, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Nítorí pé a ń tẹ̀lé omi, iye ẹyẹ tí a ń kà kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ibi tí omi bá kù sí ni gbogbo wọn ń rọ́ sí, àwa náà a sì lọ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní ọ́fíìsì ní Maiduguri, tó ṣí ìwé wa, tó rí Ibi Ìdúró Kìíní lọ́dún yìí, Ibi Ìdúró Kìíní lọ́dún tó kọjá, tó sì rí i pé iye ẹyẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, yóò ní adágún wà bó ṣe wà. Kò sí irọ́ kankan nínú ìwé náà. Ìyẹn ló burú jù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí mi mọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́. Koríko odò tó máa ń dún jẹ́jẹ́ bí atẹ́gùn bá fẹ́ ti di èèpo tí ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Òfú, ẹyẹ ńlá alápò ẹnu yẹn, kò wá mọ́. Ní ọdún kẹrin yẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn àkọ̀ yọ láti àríwá. Wọ́n yí po lókè wa lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ṣí ìwé mi, mo ń dúró kí wọ́n bà. Wọn kò bà. Wọ́n kọrí sí gúúsù, wọ́n ń lọ pẹ̀lú ìyẹ́ tó ti rẹ̀, títí wọ́n fi di èérún. Bàbá arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ṣe fi àwọ̀n náà sílẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń bọ́ sí àkókò yẹn, n kì í sì í bá wọn ṣe é. Àwọn ìyáàfin kan ń pè mí ní ìyàwó ẹlẹ́yẹ. Wọ́n ní obìnrin tó bá ń bá ọkùnrin wọ inú igbó lọ́dọọdún, kì í ṣe ẹyẹ ló ń kà. Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ti kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo sì jẹ ìrẹsì wọn.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún yẹn ni ìwé dé láti ọ́fíìsì ìjọba kan. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò omi ńlá láti etí adágún wọ inú ilẹ̀, kí wọ́n lè gbin àlìkámà. Wọ́n fẹ́ kó àwọn abúlé etí omi lọ sí ìdí kòtò náà, kí wọ́n fi ẹja sílẹ̀, kí wọ́n di àgbẹ̀. Wọ́n ní àwa tí a ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, kí a sọ bí etí omi ṣe rí, bóyá ó ń yí padà. Nígbà tí mo rí ìbéèrè yẹn, ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Mo rò pé ìlà ẹ̀gbẹ́ ìwé mi ti rí ọjọ́ rẹ̀.

Mo gbé ìwé mi lọ bá Fáladé. Ó fara balẹ̀ kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

“Àbúrò, ta ló rán ọ ní èyí?”

Mo ní ẹnikẹ́ni kò rán mi.

“Ẹyẹ ni wọ́n ní ká kà. A ti kà á. Ìṣísẹ̀ obìnrin kì í ṣe ìwọ̀n. Bí o bá bímọ tán, ìṣísẹ̀ rẹ á yí padà.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó jẹ́ ká lọ pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ nígbà náà, ká wọ̀n ọ́n. Ó ní àkókò kò sí. Ó ní àwọn tó fẹ́ kòtò náà kì í ṣe ẹni tí à ń bá jiyàn, pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, pé òun ní ọmọ mẹ́fà, pé ọkọ mi náà sì ń retí ìgbéga. Gbogbo rẹ̀ ló sọ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ èsì: ní Ibi Ìdúró Kìíní, a kò rí ìyípadà kan gbòógì. Ó fọwọ́ sí i. Ó ti bébà náà sọ́dọ̀ mi. Mo fọwọ́ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ kò gbọ́ èyí rí lẹ́nu mi.

Kò tó oṣù méjì tí Falmata fi bá ọkọ̀ ẹja wọ Maiduguri. Ó béèrè ilé mi títí ó fi dé ibí. Ó jókòó sí ibi tí ìwọ yìí jókòó sí. Ó ní wọ́n ti sọ fún àwọn pé kí wọ́n múra, pé omi yóò máa bá wọn nínú kòtò níwájú ilé tuntun. Ọkọ òun fẹ́ lọ. Àwọn kan nínú ìdílé ń lọ sí òdìkejì adágún, níbi tí omi ṣì jìn, wọ́n ní kí àwọn bá wọn lọ.

“Málámà, ìwọ lo máa ń dúró níbẹ̀. Ibo ni ká lọ?”

Ó wo ojú mi. Ìwé tí mo kọ ìṣísẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí a jókòó. Mo ronú nípa ọkọ mi. Mo ronú nípa orúkọ mi lórí bébà ìjọba. Mo sì sọ fún un pé ìwé ti sọ pé omi kò yí padà. Ó dúpẹ́. Ó fún mi ní ẹja bàǹdà kan tó wé sínú bébà, ó lọ.

Wọ́n kó lọ sí ìdí kòtò. Ọdún kan omi dé ibẹ̀, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ọdún kejì, ẹnu kòtò wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, omi sì wà lọ́hùn-ún réré tí ojú kò tó. Àlìkámà kò yọ orí. Èmi kò sí níbẹ̀ kí n rí i, nítorí nígbà tí mo tún fẹnu kan ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀, Fáladé ní ọ̀nà náà kò yẹ obìnrin mọ́, ó fi mí sí yàrá àyẹ̀wò, níbi tí mo ti ń kọ nọ́ńbà sí ara ìgò. Òun di ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ń kọ nọ́ńbà sí ara ìgò.

Mo rí Falmata lẹ́ẹ̀kan sí i. Monday Market ni, ní ìsọ̀ àwọn ọlọ́kà. Nígbà náà kò tíì sí kẹ̀kẹ́ Napep, alùpùpù ni mo gùn dé ibẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà lábẹ́ ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń já àpò ọkà sílẹ̀, wọ́n ń gbá ọkà tó dà sínú erùpẹ̀ jọ, wọ́n ń fẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè. Mo fẹ́ yíjú, àmọ́ ó ti rí mi. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọ inú. Mo bi í nípa ọkọ rẹ̀, ó ní ó ti lọ wá iṣẹ́, kò tíì padà. Mo bi í nípa àwọn ọmọ, ó ka mẹ́ta fún mi. Márùn-ún ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Kò bú mi. Bí ó bá bú mi ni, màá ti sùn láti ìgbà náà. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó ní, “Málámà, àwọn ẹyẹ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń wá?” Mo ní wọ́n ń wá. Ó ní òun ò rí wọn mọ́ níbi tí òun wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà adágún di ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọdún yẹn, n kò ní í sọ wọ́n. Abúlé náà kò sí mọ́. Ìwé mi ṣì wà.

Fáladé náà kò padà sílé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, níhìn-ín ní Gomari, òpópó mẹ́ta sí wa. Fún ọdún pípẹ́, bí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, màá gba ọ̀nà mìíràn. Ní èṣí, ní irú oṣù báyìí, ọmọ rẹ̀ wá. Ó ní Bàbá ní kí n wá, pé ojú ti lọ pátápátá. Mo ró aṣọ mi dáadáa. Mo mú ìwé náà dání. Mo ti ń tọ́jú ohun tí màá sọ fún ọkùnrin yẹn láti ìgbà tí àwọn ìyá yín ti wà ní ilé ẹ̀kọ́, n kò sì fẹ́ kí ikú gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó kọjú sí àríwá bí ẹni tí ń retí àlejò. Ó kéré ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó mọ ẹsẹ̀ mi kí n tó kí i. N kò jókòó. Mo ṣí ìwé, mo sì ka ìlà ẹ̀gbẹ́ fún un, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣísẹ̀ rẹ̀. Mo sọ iye ọmọ Falmata fún un, ti àtijọ́ àti ti ìkẹyìn. Mo ní èmi náà fọwọ́ sí i, àmọ́ òun ló kọ ọ́, òun ló sì ní ìṣísẹ̀ mi kì í ṣe ìwọ̀n. Mo fẹ́ kó jiyàn. Mo fẹ́ kó ní òun kò mọ̀, kí n lè sọ fún un pé èmi sọ fún un.

Ó na ọwọ́, ó ń wá ìwé náà, mo jẹ́ kí ìka rẹ̀ kan án. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà tí kò lè rí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ọ̀pá inú oko ọkà yẹn, àbúrò,” ó ní, “kì í ṣe awọnlẹ̀ kankan. Èmi ni mo gbá a wọlẹ̀ kí o tó dé, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ omi. Mo ti rìn ín láti ibẹ̀ dé etí omi, mo ka ìṣísẹ̀. Lọ́dọọdún ni mo ń rìn ín, nígbà tí ẹ bá ń jẹun.”